Omi Tó Dànù: Bí A Ṣe Ń Ka Àwọn Ọmọ Tí Kò Dúró

Nígbà tí ọmọ tuntun bá kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà tí àwọn àgbà tó bá wá kí i kì í pẹ́ sọ: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ náà kún fún àánú, ó sì kún fún ọgbọ́n. Ó ń sọ fún ìyá náà pé ara rẹ̀ ṣì wà, pé inú tó bí ti àná lè bí ti ọ̀la, pé kí ó nu ojú rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò rí i pé agbè nìkan ni ó ń wò. Kò sí ẹni tó bèèrè bí omi náà ti pọ̀ tó. Ilẹ̀ ti fà á mu.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé omi tó dànù gan-an ni ó ń wá kiri. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣírò iye ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí, ogún ni ó kú tàbí igba. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iye náà ń lọ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún tàbí ó ń gòkè. Wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí yóò dé lọ́la bí nǹkan kò bá yí padà. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, nọ́ńbà gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ikú ọmọdé kì í dé inú ìwé ìjọba, ẹnu ìyá ni nọ́ńbà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu ìyá bá panu dé, ìṣirò tó jinlẹ̀ jù lọ kò ní rí nǹkan ṣírò.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ti ti ọjà dé, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ká aṣọ tí kò tà. Òṣìṣẹ́ ìwádìí kan wọlé tọ̀ ọ́, ọmọdébìnrin tí òun fúnra rẹ̀ lè bí, pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Ẹ kú ọjà.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fà àpótí yẹn, kí o jókòó.”

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin mélòó ni wọ́n bí tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn? Méjì. Obìnrin ńkọ́? Ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé níbòmíràn ńkọ́? Ọ̀kan wà ní Èkó. Ọmọbìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ forí jì mí, mà. Ǹjẹ́ a rí ọmọ kankan tí ẹ bí láàyè tí kò dúró? Kódà kó jẹ́ pé ó kàn ké lẹ́ẹ̀kan péré?”

Ìyá náà tún aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ká.

“Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi,” ni ó wí.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àṣejù ọmọbìnrin náà. Ó wà nínú ìwé tí irú àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń lò káàkiri ayé, nítorí àwọn tó ṣe ìwé náà mọ̀ pé ọmọ tó ké lẹ́ẹ̀kan tí kò tún ké mọ́ ni ó rọrùn jù láti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè náà kọ lu ògiri kan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí kíka àwọn tó wà láàyè bá jẹ́ èèwọ̀, ta ni yóò ka àwọn tó ti lọ? Ọmọ tó bá sì kú kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kò ní orúkọ tí a lè fi pè é nígbà tí a bá ń ka àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò ní orúkọ kì í pẹ́ kúrò nínú ìtàn ilé.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò tọ́jú àkọsílẹ̀ ikú ọmọdé. Ó tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí àwọn tó yè ni ó kọ ọ́ sí. Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó, Kásìmáawòó, Rẹ̀mílẹ́kún: orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnìkan ti ṣáájú, pé ẹni náà kò dúró. Kòsọ́kọ́ tilẹ̀ sọ fún ikú pé kò sí ọkọ́ mọ́ nílé, ìyẹn ọkọ́ tí wọn ì bá fi gbẹ́ ilẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń pe orúkọ láti inú rẹ́jísítà kíláàsì ń ka ìtàn ikú àti ìyè láìmọ̀. Àmọ́ irú àkọsílẹ̀ yìí ní àbùkù tirẹ̀. Dúrójayé sọ fún wa pé ẹnìkan kú. Kò sọ iye ẹni tó kú, kò sọ ọdún tó kú, kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá sì ń dínkù nínú rẹ́jísítà, a kò lè fi ìyẹn nìkan sọ pé ikú ọmọdé ti dínkù. Ó lè jẹ́ pé àwọn òbí ti gba ẹ̀sìn mìíràn, tí orúkọ àbíkú kò sì wù wọ́n mọ́. Ohun méjì tó ń yí padà pọ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìmọ̀ ìṣirò nìyẹn.

Lítíréṣọ̀ náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1934, kọ ewì kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní Abiku, J. P. Clark náà kọ tirẹ̀ pẹ̀lú àkọlé kan náà. Nínú Aké, ìwé ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1981, Ṣóyínká sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bùkọ́lá tí a kà sí àbíkú, ó sì sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Fọláṣadé, tó kú ní ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún kan gan-an. Ẹni tó ka ìwé náà kò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n oníṣirò yóò ka ojú ìwé kan náà, yóò sì rí ìṣòro mìíràn níbẹ̀. Ọmọ tó kú lọ́jọ́ tó pé ọdún kan kò sí nínú àpótí àwọn tó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Àpótí tó tẹ̀ lé e ni ó wà. Nínú ilé Ṣóyínká, wọ́n mọ ọjọ́ náà dájú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé mìíràn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní oṣù mẹ́wàá tàbí oṣù mẹ́tàlá yóò kàn sọ pé ọmọ ọdún kan ni. Ìdí nìyẹn tí ikú fi máa ń ṣùpọ̀ sí oṣù kejìlá nínú àwọn ìwádìí bíi pé ikú ń ka kàlẹ́ńdà. Ikú kì í ka kàlẹ́ńdà. Ìrántí ènìyàn ni ó ń wá ibi tó rọrùn láti jókòó sí.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní àbíkú ní àtijọ́ lè jẹ́ ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, èyí tí òbí méjèèjì máa ń fún ọmọ láìmọ̀. Nígbà tí ọkọ àti aya bá ní ẹ̀jẹ̀ AS, ìgbàkígbà tí wọ́n bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ó rọrùn láti rí bí ilé kan ṣe lè sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta léraléra, tí ilé kejì kò sì sin ẹyọ kan. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti èèyi kó ìyókù lọ. Kò sí èyí tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àbíkú ni orúkọ kan ṣoṣo tí àwọn òbí ní fún gbogbo wọn.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ṣe ń di nọ́ńbà? William Brass, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Scotland, ni ó la ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí iye ènìyàn ní Áfíríkà, èyí tó wà nínú ìwé ńlá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Ó rí i pé bí a kò bá tilẹ̀ ní ìwé ìbí tàbí ìwé ikú, ìbéèrè méjì péré tó: ọmọ mélòó ni ẹ bí, mélòó ni ó kú? Ọjọ́ orí ìyá yóò ṣe ìyókù. Ọmọ àwọn ìyá tí kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ṣì kéré, nítorí náà ìdáhùn àwọn tó wà láàárín ọdún 20 sí 24 ń sọ̀rọ̀ nípa ikú kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Ti àwọn tó wà láàárín 25 sí 29 ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún mẹ́ta, ti àwọn 30 sí 34 sì ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún márùn-ún. Pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, agbo àwọn ìyá tó jókòó sí ìlú kan di àkọsílẹ̀ ikú tí ìlú náà kò kọ rí.

Ìwádìí tí Nàìjíríà ń ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera, èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń darí, ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ó ń bèèrè ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ orí ọmọ tó kú. Lẹ́yìn náà wọ́n á gé ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ sí ìpele mẹ́jọ, láti oṣù àkọ́kọ́ dé ọdún karùn-ún, wọ́n á wá wo iye àwọn tó la ìpele kọ̀ọ̀kan já. Àpẹẹrẹ kan wà tí olùkọ́ lè gbé lọ sí kíláàsì lọ́la. Ìwádìí ọdún 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 67 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ó tún sọ pé láàárín ọdún kìíní sí ìkarùn-ún, ikú mú 69 nínú 1,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yára yóò ro wọ́n pọ̀, yóò ní 136. Ó ṣì í. Àwọn 67 tó ti lọ kò sí níbẹ̀ mọ́ fún ikú láti tún mú. Àwọn 933 tó kù ni 69 nínú 1,000 náà kàn, ìyẹn sì jẹ́ ọmọ bíi 64. 67 àti 64 jẹ́ 131. Ìwádìí náà kọ 132, nítorí pé ó lo àwọn ìdá kékeré tí a ti gé kúrò níhìn-ín. Ìṣirò yìí kò le, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀wọ̀ nínú. Ó kọ̀ láti sin ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwádìí kan ṣoṣo dà bí fọ́tò. Ohun tí ìjọba àti olùkọ́ni fẹ́ mọ̀ ni ìrìn, kì í ṣe ìdúró. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, ìwádìí Nàìjíríà sọ pé ọmọ 140 nínú 1,000 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2003, òmíràn sọ pé 201. Ẹni tó bá fi ìlà kan so nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ yóò pariwo pé àjálù kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Àmọ́ ìwádìí kọ̀ọ̀kan máa ń wo ẹ̀yìn. Àwọn ìyá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ọdún 2003 sọ ìtàn àwọn ọmọ tí a bí ní àwọn ọdún 1990 náà, ìyẹn àwọn ọdún kan náà tí àwọn ìyá ọdún 1999 ti sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí a gbé ìtàn méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò bá ara mu. Àwọn tó túpalẹ̀ iṣẹ́ náà gbà pé ìwádìí ọdún 1999 ni ó fi ọ̀pọ̀ ikú sílẹ̀. Àwọn ọmọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú ní ọdún 2003. Ní ọdún 1999 ni a kò kà wọ́n tán.

Nítorí irú èyí ni àwọn oníṣirò fi ń kọ́ àwòṣe. Àwòṣe níhìn-ín dà bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti ẹnu ẹlẹ́rìí púpọ̀. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan pátápátá, kì í sì í lé ẹnìkankan jáde. Ó mọ̀ pé ẹni yìí máa ń gbàgbé, pé ẹni ọ̀hún rí nǹkan láti òkèèrè, pé ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i. Láti ọdún 2004 ni UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé, Báǹkì Àgbáyé àti ẹ̀ka Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí iye ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí èyí. Àwòṣe tí Leontine Alkema àti Jin Rou New gbé jáde ní ọdún 2014 ni ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn. Ó ń so ọ̀pọ̀ ìlà títẹ̀ kéékèèké pọ̀ di ìlà gígùn kan, tó jẹ́ pé yóò tẹ̀ níbi tí ẹ̀rí bá ti pọ̀ tó láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fò sókè nítorí afẹ́fẹ́ kékeré kan. Kì í sì í fúnni ní ìlà lásán. Ó ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí òótọ́ lè wà hàn. Àwòṣe náà tún gbọ́dọ̀ rántí ẹlẹ́rìí kan tí kò sí ní kóòtù: ìyá tó ti kú. Níbi tí àrùn bíi éèdì ti mú ìyá àti ọmọ lọ, kò sí ẹnìkan tó kù láti dáhùn ìbéèrè. Ìṣirò ni yóò dáhùn fún un.

Ọ̀rọ̀ wá padà sí Ẹ̀gbá. Nínú ìwádìí ọdún 2018 kan náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà: 30 nínú 1,000, fún ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ìwádìí náà. Ti Ìpínlẹ̀ Kẹ́bì ni ó ga jù lọ: 252. Ilẹ̀ tí Bùkọ́lá inú Aké ti dàgbà ni ó wá di ibi tí ọmọdé ti ń dúró jù lọ. Ṣé kí Abẹ́òkúta lu ìlù?

Ẹni tó bá fẹ́ lu ìlù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìwádìí náà dé ilé tó lé ní 40,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí a bá pín in fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ilé tó lé díẹ̀ ní 1,000 ni ó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìtàn ọmọ 1,000 ni wọ́n gbọ́ ní Ògùn, tí 30 nínú wọn ti kú. Orí ikú 30 ni ìdájọ́ náà dúró. Nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní 30 jẹ́ bíi 5.5, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 11. Èèṣì lásán, ìyẹn pé ilé yìí ni wọ́n wọ̀ tí wọn kò wọ tọ̀hún, lè gbé 30 náà lọ sí 19 tàbí kí ó gbé e lọ sí 41. Bí ìyá mẹ́wàá bá sì ṣe bíi ti ìyá Ìtòkú, tí wọ́n tún aṣọ wọn ká tí wọ́n sì dákẹ́, 30 ti di 40 nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má jà lórí bóyá Ògùn ni ó gbẹ̀yìn tàbí ìpínlẹ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kódà 41 kò tó ìdá mẹ́ta 132. Ìyàtọ̀ láàárín Ògùn àti gbogbo Nàìjíríà kì í ṣe èèṣì, ìyàtọ̀ láàárín Ògùn àti Kẹ́bì kì í sì í ṣe àyànmọ́. Ohun kan ni ó tẹ ìlà náà sílẹ̀.

Kí ni ohun náà? Ìtàn rẹ̀ gùn. Ní ọdún 1895, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, èyí tí ọ̀pọ̀ ka sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Orúkọ Fadá Coquard kò kúrò lára rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, ó sì ń tọ́pa àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe káàdì tí a ń ya ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Ó fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá, kò fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì. Ìyá tí kò mọ ìwé lè rí i pé ìlà ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ti dúró. Ṣáájú kí àwọn àjọ àgbáyé tó ya ìlà orílẹ̀-èdè, ìyá kan ní Ìmẹ̀sí ti ní ìlà ọmọ tirẹ̀ tó so mọ́ ògiri.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan gba iṣẹ́ náà. Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School àti ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó darí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, di dókítà àwọn ọmọdé àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, kò fi ilé ìwòsàn ńláńlá ṣáájú. Ìlera tó dé ẹnu ọ̀nà ni ó fi ṣáájú: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú ìyá, àti omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí fún ọmọ tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn tó kúrò, ètò náà rẹ̀yìn ní àwọn ọdún 1990, iye ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ sì já wálẹ̀. Ìlà orílẹ̀-èdè náà jẹ́rìí sí i: kò lọ sílẹ̀ dáadáa títí di ìgbà tí ọdún 2000 ti kọjá.

Àwọn onímọ̀ tún wá ìdí mìíràn. Ní ọdún 1975, I. O. Orubuloye àti J. C. Caldwell tẹ ìwádìí wọn jáde lórí Ìdó àti Ìsinbọ̀dé ní Èkìtì, ìlú méjì tó jọ ara wọn, àyàfi pé ọ̀kan ní ilé ìwòsàn tí èkejì kò ní. Ọmọ yè jù níbi tí ilé ìwòsàn wà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Caldwell lo ìdáhùn àwọn obìnrin Ìbàdàn láti fi hàn pé ìwé tí ìyá kà ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀, kódà bí a bá ti yọ owó àti iṣẹ́ bàbá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ tó bá dá ọmọbìnrin kan dúró sí ilé ẹ̀kọ́ lónìí ń gba ọmọ kan là tí a kò tíì bí.

Síbẹ̀ ìrìn náà kò tíì parí. Ní ọdún 2008, ìwádìí sọ 157 fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, 128. Ní ọdún 2018, 132. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 wọ 2024 sọ 110. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má jẹ́ kí gígòkè láti 128 sí 132 dẹ́rù bà á. Irú èèṣì tí a ṣírò fún Ògùn lókè lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 157 sí 110 ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iye náà ń dínkù ní bíi 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fi ẹnu kò pé kí ó má ju 25 lọ ní ibikíbi nígbà tó bá fi di ọdún 2030. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú 110, kí ó fi 0.976 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé 25. Yóò ṣe é ju 60 ìgbà lọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan. Bí ìrìn náà kò bá yára sí i, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìṣirò náà yóò ti di arúgbó kí ó tó dé ibẹ̀.

Nọ́ńbà kan sì wà lábẹ́ gbogbo ìwọ̀nyí tí kò mì. Ikú àwọn ọmọ tí kò pé oṣù kan jẹ́ 40 nínú 1,000 ní ọdún 2008. Ó jẹ́ 37, ó jẹ́ 39, ó sì jẹ́ 41 nínú ìwádìí tó gbẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti gba àwọn tó dàgbà díẹ̀ là. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kò rí olùgbàlà: àwọn tí a bí kí oṣù wọn tó pé, àwọn tí kò rí èémí fà nígbà ìbí, àwọn tí àkóràn wọ ara wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2008, wọ́n jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú náà. Wọ́n ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ báyìí. Àwọn gan-an sì ni ilé ń gbàgbé jù, àwọn tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò bá. Ohun tí a kò bá kà, a kì í náwó lé e lórí. Agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, ilé tó móoru fún ọmọ kíkéré, ọmú ní wákàtí àkọ́kọ́: ìjọba kò ní rí ìdí tí yóò fi gbé wọn dé abúlé bí àwọn tí àìsí wọn pa kò bá sí nínú ìwé.

Èyí ni ohun tó wà nínú ìbéèrè ọmọbìnrin tó jókòó sórí àpótí ní Ìtòkú. Kò dìde nígbà tí ìyá náà dákẹ́, kò sì kọ òdo sínú àyè tó ṣófo. Ó dúró. Ìyá náà gbé aṣọ sílẹ̀ níkẹyìn.

“Ọ̀kan wà,” ni ó wí. “Lẹ́yìn èyí tó wà ní Èkó. Kò tíì ní orúkọ.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọjọ́ mélòó ni ó lò?”

“Ọjọ́ márùn-ún.”

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ márùn-ún. Kò sí ẹni tí yóò rí ọmọ náà nínú nọ́ńbà tí ìjọba yóò tẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í rí ẹ̀kán omi kan nínú odò Ògùn. Àmọ́ ó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kò purọ́ pé agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka omi tó dànù, kò ní mọ ọ̀nà tí a ó tún ṣe kí ẹsẹ̀ apọnmi má baà yọ̀ mọ́.